Fèrèsé Tí Omi Bàjẹ́: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Báyìí, àti Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Fi Sílẹ̀ Di Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Ìwé yìí wà fún àwọn ìdílé tó ti ń padà lọ tún ilé wọn ṣe, àti fún àwọn tó ṣì wà lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tàbí nínú gbọ̀ngàn ìjọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń lọ wo ilé láti ìgbà dé ìgbà. Láti ọjọ́ tí omi ti fà, ọ̀rọ̀ fèrèsé wà lára ohun tí ẹ ń bi wá jù: èwo la lè tún ṣe, èwo la máa pààrọ̀, ta la máa gbé e fún?

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí kò wọ́n bo ojú fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ilé àti igi gbẹ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ná owó gidi sí i. Owó tí ẹ bá ná sórí igi tútù, ẹ ó tún un ná.

ÌDÍ TÍ A FI NÍ KÍ Ẹ MÁ KÁNJÚ

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà méjì ni òjò máa ń pọ̀ lọ́dún. Ti àkọ́kọ́ máa ń le ní oṣù kẹfà àti oṣù keje. Á dẹwọ́ ní oṣù kẹjọ, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹwàá. Ìdẹwọ́ oṣù kẹjọ yìí ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ní Ìbàdàn, omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti ìkún omi ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, inú oṣù tí a rò pé òjò ń sinmi ni méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò Ògùn náà mọ̀ pé nígbà òjò kejì, omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán lè wá bá omi tó ti wà nílẹ̀.

Nítorí náà, bí ilé yín bá wà níbi tí omi lè tún dé, àtúnṣe ráńpẹ́ ni kí ẹ ṣe títí oṣù kẹwàá yóò fi parí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, igi á gbẹ fúnra rẹ̀ láìná yín ní kọ́bọ̀.

Ìdí kejì wà nínú igi fúnra rẹ̀. Igi tó bá mu omi máa ń wú. Fèrèsé tó ń ṣí wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá há. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun fi ìfági fá etí rẹ̀ kó lè wọlé. Ẹ má gbà. Bí igi náà bá gbẹ, á súnkì padà, àlàfo á sì wà níbi tí wọ́n fá: òjò, ẹ̀fọn àti ọwọ́ olè á máa gba ibẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà rí. Bí ẹ bá kun igi tútù, omi inú rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde. Ọ̀dà á lé ròrò, á bó, igi á sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN FÈRÈSÉ, Ẹ WO ÒGIRI

Ẹ kọ́kọ́ dúró síta, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fèrèsé náà. Bí ògiri bá sán láti igun fèrèsé, tí ojú sísán náà sì dágẹ̀rẹ̀ lọ sókè tàbí lọ sísàlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ilé ti rì lápá kan. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tí sísán náà parí sí, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bí ó bá kọjá ìlà náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ògiri ṣì ń rìn nìyẹn. Ẹ má sùn síbẹ̀, ẹ pe bíríkìlà tó mọṣẹ́ wá wò ó. Bí ògiri bá ti wú síta, tàbí tó ti fì, ẹ má wọlé rárá.

Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ alámọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, igi orí fèrèsé ló gbé ògiri tó wà lókè rẹ̀ dúró. Bí férémù bá tilẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ má fi òòlù yọ ọ́ kúrò nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa fi igi ti ògiri náà.

FÍFỌ̀ ÀTI GBÍGBẸ

Omi tó wọlé ti gba inú ṣáláńgá àti kòtò ìdọ̀tí kọjá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí. Ẹ ṣa àfọ́kù gíláàsì lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wé e sínú bébà tó nípọn tàbí páálí kí ẹ tó gbé e síta, kó má bàa gé ẹni tó ń kó ilẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára férémù. Ìgbà tí ẹrẹ̀ bá ti tán ni kí ẹ tó lo bílíìṣì, nítorí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹrẹ̀. Ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ẹ má ṣe pò ó pọ̀ mọ́ ohun ìfọ̀ mìíràn, èéfín tó máa jáde lè pa ènìyàn lára.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra ní ọ̀sán, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé kó sì gba èkejì jáde. Bí ilé tútù bá wà ní títì pa, nǹkan dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ògiri, á sì máa da àyà àwọn ọmọdé àti àwọn tó ní ikọ́ fée láàmú. Ẹ má ṣe dáná èédú nínú yàrá kí igi lè tètè gbẹ. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé. Ó kéré tán, kó jìnnà tó mítà 6 sí ilé. Èéfín tó ń pani nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní òórùn.

BÍ Ẹ ṢE LÈ BO OJÚ FÈRÈSÉ

Fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ bo, lẹ́yìn náà ti ilé ìdáná, kí ti pálọ̀ tó kàn. Ohun tí ẹ nílò ni ọ̀rá tó nípọn tàbí tapólì, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin àti ìṣó.

1. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ férémù láti inú ilé, kó má sí àlàfo létí.
2. Ẹ gé ọ̀rá kó fẹ̀ ju ojú fèrèsé lọ. Ẹ ká etí rẹ̀ mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó kan pákó náà mọ́ òkè férémù láti ìta. Bí ẹ bá kan ọ̀rá lásán, atẹ́gùn á fà á ya lójú ìṣó.
3. Ẹ má kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa. Ẹ so pákó kan mọ́ ọn kó lè wúwo, kí ẹ lè máa ká a sókè lọ́sàn-án, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí òjò bá ṣú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún ibùsùn fi ṣe ti fèrèsé. Òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń jẹ ènìyàn jù, nẹ́ẹ̀tì ibùsùn ló sì sún mọ́ yín jù lọ nígbà náà.

ÀTÚNṢE GAN-AN

Fèrèsé onípákó. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tó ti ń há mọ́ férémù. Bí àmì náà kò bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí òjò kò rọ̀, ó ti gbẹ débi tí ẹ lè ṣiṣẹ́ lé e lórí. Bó bá ṣì há nígbà náà, ẹ lè wá fá a. Ẹ fi ẹnu sukudiráfà gún igi náà, pàápàá nísàlẹ̀ férémù. Bó bá wọlé wọ̀ọ̀ bí ẹni gún àkàrà, ibẹ̀ ti jẹrà. Kò dìgbà tí ẹ bá yọ gbogbo férémù: káfíńtà lè gé ibi tó jẹrà kúrò, kó sì fi igi tó gbẹ lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi òògùn ikán sí i kí ẹ tó kùn ún. Plywood tó bá ti là sí wẹ́wẹ́ kò ní àtúnṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Gíláàsì inú férémù igi. Ẹ yọ pọ́tì àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi ọ̀dà àkọ́kọ́ kun ojú igi níbẹ̀, nítorí igi gbígbẹ máa ń fa òróró inú pọ́tì mu, pọ́tì á sì là. Ẹ wọn ìbú ní ibi mẹ́ta, ẹ wọn gígùn náà ní ibi mẹ́ta, kí ẹ mú èyí tó kéré jù. Ẹ ní kí wọ́n gé gíláàsì náà kó fi nǹkan bíi mìlímítà 3 kéré sí i, lóòró àti níbùú. Gíláàsì tó bá kún férémù pinpin máa ń sán bí igi bá tún wú. Ẹ jẹ́ kí pọ́tì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó kùn ún.

Lúfà. Èyí ló rọrùn jù láti tún ṣe, nítorí ẹyọ tó fọ́ nìkan ni ẹ máa rà. Ẹ mú ọ̀kan tí kò fọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta gíláàsì, kó fi wọn tuntun. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò nínú irin tó ń ṣí i, kí ẹ kán òróró díẹ̀ sí oríkèé rẹ̀. Bó bá há, ẹ má fi ipá tẹ̀ ẹ́, irin náà lè kán.

Fèrèsé alumíníọ̀mù tí à ń fà. Alumíníọ̀mù kì í jẹrà, ẹrẹ̀ ló máa ń dí i. Ẹ gbé ojú fèrèsé náà sókè díẹ̀ kí ẹ tó fà á jáde. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ ojú irin tó ń tọ̀. Ẹ wá àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ férémù, kí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde. Bí wọ́n bá dí, omi á máa ṣàn wọ yàrá. Bí kò bá tún yí dáadáa, ẹ pààrọ̀ àwọn táyà kéékèèké abẹ́ rẹ̀, kò dìgbà tí ẹ bá ra fèrèsé tuntun.

Irin tó ń dènà olè. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò, ẹ fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kùn ún kí ẹ tó fi èyí tó wù yín lé e. Bí wẹ́dà bá ń bọ̀ wá tún un ṣe, ẹ ní kó jẹ́ kí ti fèrèsé kan, ó kéré tán, ṣeé ṣí láti inú. Kí gbogbo ará ilé mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Bí iná bá ṣẹ́ yọ tàbí omi tún dé lóru, ibẹ̀ ni ẹ máa gbà jáde.

OWÓ, ONÍṢẸ́ ỌWỌ́ ÀTI ONÍLÉ

Ẹ ya fọ́tò fèrèsé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó náwó. Bó bá gbà pé kí ẹ yọ owó náà nínú owó ilé, ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Gbólóhùn ẹnu lásán ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ wà dáadáa tẹ́lẹ̀.

Tó bá kan oníṣẹ́ ọwọ́, owó ọjà nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ mú sílẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jọ lọ rà á. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ tì í, ẹ bu omi sí i láti ìta, kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù. Àwọn ìdílé márùn-ún tàbí mẹ́fà ládùúgbò kan náà lè pawọ́ pọ̀ pe káfíńtà kan, kó ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ báyẹn.

Ẹ má gbàgbé àwọn àgbàlagbà, àwọn opó àti àwọn abirùn tó wà nítòsí yín. Ẹni tó ń dá gbé nínú ilé tí kò ní fèrèsé kò lè sùn fọkàn balẹ̀. Bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ìjọ tó sún mọ́ yín, kí a lè bá wọn bo tiwọn kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ ṣe: ẹ wo ògiri, ẹ fọ férémù, ẹ bo fèrèsé yàrá tí ẹ ń sùn. Ìyókù lè dúró de oòrùn.