Ìtẹ̀ Aṣàn

Ìtẹ̀ aṣàn jẹ́ ìwọ̀n agbára tí omi, epo, afẹ́fẹ́ tàbí ohun mìíràn tó ń ṣàn fi ń tẹ mítà alópoméjì kọ̀ọ̀kan ibi tó bá kàn. Orúkọ Blaise Pascal (1623–1662), onímọ̀ ará Fránsì, ni a fi pe ẹyọ ìwọ̀n rẹ̀.

Nínú omi tó dúró, bí a bá ṣe ń jìn sísàlẹ̀ ni ìtẹ̀ ń pọ̀ sí i: P = ρgh. ρ ni kíki aṣàn (1,000 kìlógíráàmù fún mítà alópomẹ́ta omi), g ni ìyárasí tí òòfà ilẹ̀ ń fà (9.8), h sì ni jíjìn. Fífẹ̀ táǹkì kò sí nínú ìṣirò yìí rárá, ibẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà.

Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó jẹ́ ìlú olókè, níbi tí ọ̀rọ̀ h ti kan ilé gbogbo. Bí táǹkì bá fi mítà 30 ga ju ẹ̀rọ omi ilé kan lọ, ìtẹ̀ ibẹ̀ yóò tó Pascal 294,000 nígbà tí omi bá dúró. Ilé tí táǹkì fi mítà 5 péré ga jù yóò ní 49,000, bó tilẹ̀ jẹ́ páìpù kan náà ni. Òró ni a ń wọn h, kì í ṣe gígùn páìpù. Nígbà tí omi bá ń ṣàn, ìfarakínra inú páìpù tún ń dín ìtẹ̀ kù, nítorí náà ilé òkè ni omi kọ́kọ́ ń dá. Ilé tó ga ju táǹkì kò lè rí omi láìsí ẹ̀rọ tí yóò tì í gòkè.