Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Àkọ́kọ́ nínú Sinimá Kan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ka ìbẹ̀rẹ̀ sinimá sí. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó dé, wọn a rọra wá àyè jókòó nínú òkùnkùn, wọn a bi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn léèrè ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Bí onítọ̀hún bá sì dáhùn pé kò tí ì sí nǹkan kan, ọkàn wọn a balẹ̀. Ìdáhùn yìí kì í sábà jẹ́ òtítọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣèré tó la ẹnu sọ gbólóhùn kan tí ó nítumọ̀, ẹni tí ó ṣe sinimá náà ti bá òǹwòran sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn án, ó ti fi ẹni tí yóò máa ṣọ́ hàn án, ó sì ti jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá kí ó fara balẹ̀ ni tàbí kí ó máa bẹ̀rù. Ohun mẹ́rin ni ó fi ń ṣe èyí: kámẹ́rà tí ń ya àwòrán, ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń yà á, gígé fíìmù àti síso ó pọ̀, àti ìró tí etí ń gbọ́.

Bí a bá fẹ́ rí iṣẹ́ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kedere, a lè yẹ ìbẹ̀rẹ̀ Touch of Evil wò, sinimá tí Orson Welles, ará Amẹ́ríkà, darí, tí ó sì jáde ní ọdún 1958. Ìdí pàtàkì tí ó fi dára fún ẹ̀kọ́ ni pé oríṣi méjì ni ìbẹ̀rẹ̀ yìí wà. Àwòrán inú wọn kan náà ni. Ohun tí a kọ lé àwòrán náà lórí àti ìró tí a fi sí i ni ó yàtọ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá wo méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé ìtàn méjì ni òun wò.

Ìlú kékeré kan ní ẹnubodè Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó di àdó olóró mú. Ó yí aago tí ó wà lára àdó náà, ó dá a sí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rín obìnrin kan dún lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkùnrin náà sáré lọ sídìí mọ́tò ńlá kan tí kò ní òrùlé, ó ki àdó náà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí a ń kẹ́rù sí, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan fi dé, tí wọ́n wọ inú mọ́tò náà, tí wọ́n sì wà á lọ láìmọ ohun tí wọ́n gbé sẹ́yìn.

Nígbà náà ni kámẹ́rà gbéra sókè. Orí apá irin gígùn kan tí a gbé ka ọkọ̀ ni a so ó mọ́, nítorí náà ó lè ga kọjá òrùlé ilé, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀n ojú ènìyàn, ó sì lè máa fà sẹ́yìn bí mọ́tò náà ti ń bọ̀. Ó gba orí ilé kọjá, ó pàdé mọ́tò náà ní òdìkejì, ó sì bá a jáde sí ojú títì. Ọlọ́pàá dá mọ́tò dúró ní ìkóríta kí àwọn mìíràn lè kọjá. Àwọn ọlọ́jà ń ti ọmọlanke wọn lọ. Ewúrẹ́ dí ọ̀nà. Láàárín èrò yìí ni a ti kọ́kọ́ rí tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n ń rìn gbẹ̀fẹ́ lọ sí ẹnubodè: Vargas, òṣìṣẹ́ ìjọba Mẹ́síkò, àti Susan ìyàwó rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà. Charlton Heston àti Janet Leigh ni wọ́n ṣe wọ́n. Nígbà mìíràn mọ́tò náà a ṣáájú wọn. Nígbà mìíràn wọn a ṣáájú mọ́tò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọn a jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ wọn kàn án.

Láti ìgbà tí ọwọ́ ti yí aago títí di àkókò yìí, a kò tí ì gé fíìmù lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ rò. Nínú ọ̀pọ̀ sinimá, ẹyọ àwòrán kan kì í pẹ́ lójú kí a tó gé e, kí a sì so òmíràn mọ́ ọn. Bí a sì ti ń gé e bẹ́ẹ̀, a ń fo àkókò. Ẹni tí ó wọlé nínú àwòrán kan lè ti jẹun tán nínú àwòrán tí ó tẹ̀ lé e, òǹwòran kò sì ní bínú, nítorí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ ìtàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fo ìṣẹ́jú kan níhìn-ín, kò sí ẹni tí yóò mọ iye tí ó kù nínú mẹ́ta. Nítorí pé fíìmù kò já, aago inú àdó olóró àti àkókò tí òǹwòran ń lò lórí ìjókòó di ọ̀kan náà. Gbogbo ìgbà tí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró, gbogbo ìgbà tí ewúrẹ́ bá dí ọ̀nà, ẹni tí ń wò ó mọ̀ pé nǹkan ń dínkù. Àwọn tí wọ́n wà lójú títì kò mọ̀. Ẹ̀rù tí ó wà nínú ìbẹ̀rẹ̀ yìí kò ju ìyàtọ̀ náà lọ: a mọ ohun tí wọn kò mọ̀, a kò sì lè kìlọ̀ fún wọn.

Wọ́n dé ẹnubodè. Àwọn aṣọ́bodè mọ Vargas, wọ́n sì ń bá a tàkurọ̀sọ. Mọ́tò náà dúró lẹ́yìn wọn gan-an. Obìnrin tí ó wà nínú rẹ̀ ń ráhùn pé nǹkan kan ń dún kì-kì-kì lórí òun, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè kò kà á sí. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Mọ́tò kọjá, ó jáde kúrò lójú wa. Kámẹ́rà kò tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ tọkọtaya náà ni ó dúró sí, bí wọ́n ti ń tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ìró ńlá dún. Wọ́n yíjú síbẹ̀, ìgbà yìí ni a sì tó gé fíìmù fún ìgbà àkọ́kọ́: mọ́tò náà ti ń jó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 ti kọjá. Nítorí pé ojú òǹwòran ti gbàgbé pé a lè gé àwòrán, gígé kan ṣoṣo yìí bà á bí ìgbà tí ènìyàn bá já sí kòtò.

Kì í ṣe pé àìgé dára ju gígé lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1960, Alfred Hitchcock bẹ̀rẹ̀ sinimá Psycho ní ọ̀nà mìíràn. Ìlú Phoenix ní Arizona ni a rí láti òkè, ní ọ̀sán gangan. A kọ orúkọ ìlú náà, ọjọ́, àti wákàtí pàápàá, síwájú wa. Lẹ́yìn náà àwòrán kan ń yọ́ wọ inú òmíràn, a túbọ̀ ń sún mọ́ ilé kan, títí a fi gba abẹ́ aṣọ fèrèsé wọ yàrá tí a kò pè wá sí. Ohun tí Hitchcock fẹ́ ni kí òǹwòran di ayọjúràn. Kò sí aago àdó kankan tí ó ń sáré, nítorí náà kò sí ohun tí ó ní kí ó má gé fíìmù rẹ̀ kí ó sì so ó bí ó ti wù ú.

Kí a padà sí Touch of Evil, kí a wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Fíìmù dúdú àti funfun ni, Russell Metty ni ó sì ṣe olórí àwọn tí ó ya àwòrán náà. Kò tilẹ̀ jẹ́ ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti yà á; àdúgbò Venice ní Los Angeles, ní Kalifóníà, ni wọ́n sọ di ìlú ẹnubodè. A kò rí ojú ẹni tí ó gbé àdó olóró. Òjìji rẹ̀ ni a rí, tí ó tóbi lára ògiri tí ó sì ń sáré, nítorí pé a gbé iná sí ibi tí yóò sọ ọ́ di òjìji. Ẹni tí kò ní ojú lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà, iyèméjì yìí yóò sì máa bá òǹwòran lọ jìnnà nínú ìtàn. Àwọn tọkọtaya ń ti inú ìmọ́lẹ̀ ilé ọtí bọ́ sínú òkùnkùn, wọ́n tún ń bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ yìí ṣòro ju bí ó ti rí lójú lọ. Bí kámẹ́rà bá dúró sójú kan, a lè to iná sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí i. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ó ń rìn gba òpópó kan dé òmíràn yóò rí ohun gbogbo, àfi kí a wá ibi tí a óò fi iná pamọ́ sí ní gbogbo ọ̀nà náà.

Heston ròyìn ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà pé gbogbo òru kan ni wọ́n fi ń gbìyànjú rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ dáadáa dé ẹnubodè, ẹni tí ó ṣe aṣọ́bodè a gbàgbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí aago. Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́. Welles bá sọ fún un pé bí ó bá tún gbàgbé, kí ó kàn máa mi ètè. Wọn yóò fi ohùn sí i nígbà tí ó bá yá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Ìró sinimá kì í ṣe ohun tí ó bá àwòrán wá dandan. A lè yọ ọ́, a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí gan-an ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí Welles láìjẹ́ pé ó fẹ́ ẹ.

Ní 1957 ni wọ́n ya sinimá náà fún ilé-iṣẹ́ Universal. Kí iṣẹ́ tó parí, àwọn aláṣẹ gba fíìmù lọ́wọ́ Welles, wọ́n gé e bí ó ti tọ́ lójú wọn, wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn ya àwòrán díẹ̀ kún un. Wọ́n jẹ́ kí ó wo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó kọ ìwé olójú-ewé 58 sí wọn. Kì í ṣe ìwé èébú. Ó ń ṣàlàyé, ó sì ń bẹ̀bẹ̀, lórí ohun tí ó tóbi àti ohun tí ó kéré. Díẹ̀ nínú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Fún ìbẹ̀rẹ̀ sinimá yìí, ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí orin máa ti inú ìgboro fúnra rẹ̀ wá, kí ilé ọtí kọ̀ọ̀kan ní orin tirẹ̀. Dípò èyí, wọ́n fi orin kan ṣoṣo bo gbogbo rẹ̀, èyí tí Henry Mancini kọ, tí ó ní ìlù àti fèrè, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn òṣèré àti àwọn òṣìṣẹ́ lé àwòrán náà lórí.

Orin Mancini dùn, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀ràn àwọn aláṣẹ ká a lọ́rùn; àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ti kejì lọ títí di òní. Ṣùgbọ́n orin tí ó ti ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn kò lè gbọ́ wá ń rán òǹwòran létí pé sinimá ni òun ń wò. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn orúkọ náà. Ojú tí ń kàwé kò lè ṣọ́ mọ́tò. Nígbà tí ó yẹ kí òǹwòran máa wá ibi tí àdó olóró wà láàárín èrò, orúkọ ni ó ń kà.

Welles kú ní ọdún 1985. Ní 1998, ọdún 13 lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fa ìwé olójú-ewé 58 náà yọ, Walter Murch, ọ̀gá nínú iṣẹ́ gígé fíìmù àti títo ìró, sì tún sinimá náà gé, ó ń tẹ̀ lé ohun tí ìwé náà wí. Ó yọ àwọn orúkọ kúrò lójú àwòrán. Ó yọ orin Mancini kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgboro sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ìró ẹsẹ̀, igbe ewúrẹ́, fèrè mọ́tò, orin tí ń jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé ọtí kan tí ó sì ń rẹlẹ̀ bí kámẹ́rà ti ń fi í sílẹ̀, tí ti ilé kejì sì ń wọlé. Láàárín gbogbo ariwo yìí, rédíò kan ń kọrin nínú mọ́tò tí àdó olóró wà. Rédíò yìí ni ó yí ohun gbogbo padà. Nígbà tí mọ́tò bá bọ́ kúrò lójú, etí ṣì mọ̀ pé kò jìnnà. Tọkọtaya lè wà níwájú wa tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí orin yẹn bá ti ń dún sókè díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn wọn, òǹwòran ti mọ ohun tí ń bọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Oríṣi méjèèjì ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè kọ́kọ́ wo ti 1998, kí ó sì dijú nígbà tí kámẹ́rà bá ti gbéra lókè òrùlé, kí ó máa ka iye ìgbà tí rédíò mọ́tò náà sún mọ́ ọn tí ó sì tún lọ. Kí ó wá ṣe bákan náà fún ti 1958. Nínú èyí, títí àwọn tọkọtaya yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, orin ni yóò máa gbọ́, etí rẹ̀ kò sì ní sọ ibi tí mọ́tò wà fún un.