Ìrẹsì tí oògùn ò lè pa: owó wọlé fún àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, àmọ́ èpò náà ò sùn

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní ìpínlẹ̀ Louisiana àti Arkansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti ń bá èpò kan fà á. Ìrẹsì pupa ni wọ́n ń pè é, ìrẹsì gan-an sì ni. Ìdí abájọ rèé tí wàhálà rẹ̀ fi pọ̀: oògùn tó bá lè pa á yóò pa ìrẹsì tí àgbẹ̀ gbìn mọ́ ọn. Kí wọ́n tó kórè, hóró rẹ̀ ti gbọ̀n dà sílẹ̀, yóò sì wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó tó hù. Bó bá wá dà pọ̀ mọ́ ìrẹsì gidi dé ilé iṣẹ́ tó ń bó ìrẹsì, owó tí wọ́n máa san fún àgbẹ̀ yóò já wálẹ̀.

Tim Croughan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ibùdó ìwádìí ìrẹsì ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, nílùú Crowley, ló wá nǹkan ṣe sí i. Kò mú àbùdá ohun mìíràn wọ inú ìrẹsì rárá. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní EMS ni wọ́n lò fún irúgbìn náà, èyí tó máa ń yí àbùdá padà níhìn-ín lọ́hùn-ún, láìsí ẹni tó lè sọ ibi tí yóò ti yí i. Wọ́n gbìn ín, wọ́n kórè ọmọ rẹ̀, wọ́n tún gbin ọmọ náà, ìgbà yẹn ni wọ́n wá fọ́n oògùn apakoríko sí gbogbo rẹ̀. Èyí tí kò bá kú ni wọ́n ń wá. Lọ́dún 1993, ìdí ìrẹsì kan ṣoṣo ló dúró. 93-AS-3510 ni wọ́n sọ ọ́.

Ohun tó gbà á là rọrùn láti ṣàlàyé. Oògùn náà máa ń so mọ́ ohun kan nínú ewéko tí wọ́n ń pè ní ALS, èyí tí ewéko fi ń ṣe èròjà tó ń mú un dàgbà. Tó bá ti dí i, ó parí nìyẹn. Lára ìdí ìrẹsì yẹn, ALS ti yí díẹ̀, oògùn ò rí i dì mú mọ́, bí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ò ṣí i mọ́.

Lọ́dún 2002 ni irúgbìn náà dé ọjà, Clearfield lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ BASF ló sì ni oògùn tó bá a rìn. Ibi tí òwò wà gan-an nìyí. Ẹni tó ra irúgbìn ní láti ra oògùn, yóò sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní tọ́jú irúgbìn di ọdún tó ń bọ̀. Ọdọọdún ni oníbàárà ń padà wá. Ẹni tó bá mọ bí àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣe máa ń so àgbàdo rọ̀ sókè ààrò torí ọdún tó ń bọ̀, yóò mọ̀ pé àdéhùn yẹn kì í ṣe kékeré.

Pé kò sí àbùdá àjèjì nínú rẹ̀ tún jẹ́ àǹfààní lọ́jà. Lọ́dún 2006, wọ́n rí àmì ìrẹsì kan tí Bayer fi àbùdá àjèjì sí, tí ìjọba ò tíì fọwọ́ sí, nínú ìrẹsì Amẹ́ríkà. Àwọn oníbàárà Yúróòpù sá sẹ́yìn, owó ìrẹsì já, nígbà tó sì di 2011, Bayer gbà láti san 750 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn àgbẹ̀. Clearfield pàápàá fara gbá a: lọ́dún 2007, ìjọba ní kí wọ́n má gbin CL131, ọ̀kan lára irúgbìn rẹ̀, torí wọ́n rí irú àbùdá bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Àmọ́ èpò náà ló dá wàhálà tó le jù sílẹ̀. Ìyá kan náà ló bí òun àti ìrẹsì gidi, wọ́n sì lè gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó lára ara wọn. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n lóko ńlá, díẹ̀ náà tó. Kò pé ọdún mélòó kan tí ìrẹsì pupa tí oògùn ò pa mọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀wà sóyà gba ọdún kan kọjá, kí oògùn mìíràn lè pa èpò náà. Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn wo owó ìrẹsì, wọ́n sì gbin ìrẹsì lé ìrẹsì.

Lọ́dún 2018, BASF tún gbé Provisia jáde, ìrẹsì tí oògùn mìíràn ò lè pa, kí wọ́n lè fi kojú èpò tó ti borí Clearfield. Àdéhùn irúgbìn ò yí padà.