Yíyan Irinṣẹ́ Ọgbọ́n Àtọwọ́dá fún Àwọn Aṣètò Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò orí fóònù rí: ojú rẹ̀ ni ẹni tí ó ń lò ó ń bá sọ̀rọ̀.

Tẹ́lẹ̀ rí, ọwọ́ ni àwọn ayàwòrán fi ń ya ojú bẹ́ẹ̀. Lóde òní, a lè fi gbólóhùn méjì sọ ohun tí a fẹ́ fún irinṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, kí ó sì yà á kíákíá. Irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà. Èwo ni kí àwọn aṣètò kọ̀ǹpútà ní Èkó tàbí Àkúrẹ́ mú? Ìbéèrè mẹ́ta ni kí wọ́n bi í.

Èkíní: kò ha ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn? Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Figma ní Amẹ́ríkà dá irinṣẹ́ tuntun rẹ̀ kan dúró, nítorí pé ojú ètò ojú ọjọ́ tí ó yà jọ ti Apple púpọ̀ jù. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ ni yóò jẹ́jọ́ rẹ̀.

Èkejì: ṣé ó lè kọ Yorùbá? Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí. Bí ètò ìfowóránṣẹ́ bá kọ ‘owo’ lásán, ṣé owó ni, àbí òwò, àbí ọwọ́, àbí ìlú Ọ̀wọ̀? Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ, ọ àti ṣ. Kò ní irú rẹ̀ fún ẹ́ tàbí ọ̀, àfi kí ó gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí. Bí irú lẹ́tà tí irinṣẹ́ yàn kò bá gba èyí, àmì yóò yẹ̀ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Bákan náà, púpọ̀ nínú Yorùbá tí irinṣẹ́ wọ̀nyí fi kẹ́kọ̀ọ́ ni kò ní àmì rárá. Nítorí náà, wọn a máa méfò.

Ẹ̀kẹta: níbo ni ọ̀rọ̀ tí a bá fún un ń lọ? Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, dáàbò bo orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà. Orúkọ àfarawé ni kí a fi dán irinṣẹ́ wò.

Nítorí náà, kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ kí a kọ gbólóhùn mẹ́wàá tí ó ní àmì ohùn pípé, kí a fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa sì yẹ èsì wò. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lè ṣe é. Ẹwà nìkan kò tó. Ohun tí a kò lè kà, a kò lè fọkàn tán an.