Ẹ Wo Òkè Igi Kí Ẹ Tó Ra Oró Eku

Ní Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara, àgbàlá tí kò ní igi kò wọ́pọ̀. Bí kò bá ṣe máńgòrò, ọsàn ni. Bí kò bá ṣe ọsàn, kajú tàbí àgbọn ni. Nítorí èso àti ibòji ni onílé ṣe gbìn ín. Nígbà tó bá yá, ẹ̀ka á nà dé orí páànù, inú onílé á sì dùn pé oòrùn kò mú yàrá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò ní í pẹ́ tí eré sísá á fi bẹ̀rẹ̀ nínú àjà lóru. Wọ́n á ra oró, wọ́n á ra gọ́ọ̀mù, eku díẹ̀ á kú. Kí oṣù tó yí po, àwọn mìíràn ti dé, torí pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ṣì wà ní àgbàlá, ó ń so èso lọ́dọọdún.

Eku tó ń gun igi yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Rattus rattus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ fẹ̀, ìrù rẹ̀ sì gùn ju orí àti ara rẹ̀ lọ. Láti Éṣíà ni ó ti bá ọkọ̀ ojú omi rìn káàkiri ayé. Ìrù yẹn ni ó fi ń mú ara dúró bó bá ń sáré lórí okùn aṣọ tàbí wáyà iná. Ibi gíga ló fẹ́ràn: àjà, orí igi, àárín imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, Rattus norvegicus, ní tirẹ̀ ń gbẹ́ ihò sí ẹ̀bá gọ́tà àti àkìtàn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oyún abo eku, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni ó sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Kí àwọn ọmọ náà tó pé oṣù mẹ́rin, àwọn náà ti tó bímọ. Ẹni tó ń fi pípa nìkan jà, ìṣirò kò gbè é.

Èkó ti fojú rí ohun tí eku lè fà rí. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ń kó ran èèyàn, wọ ìlú náà, ó sì jà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Rògbòdìyàn yẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, pé kí ó tún àwọn àdúgbò tó fún pọ̀ kọ́. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà ti rí i pé bí a ṣe kọ́lé ló ń pe eku.

Kí onílé tó mú àdá, kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá a jẹ èso. Àdán náà ń jẹ máńgòrò, wọ́n a sì máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru eku. Àdán á jẹ èso, á fa omi rẹ̀ mu, á sì tu ṣákítí rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ igi. Eku kì í ṣe bẹ́ẹ̀, gbígbẹ́ ló ń fi eyín gbẹ́ nǹkan. Ọsàn tó bá jẹ lè ṣì rọ̀ sórí igi, kí èèpo rẹ̀ wà, kí inú rẹ̀ sì ṣófo. Àgbọn tútù tó ní ihò róbótó nítòsí ibi tó ti so mọ́ igi, iṣẹ́ eku ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ju àdá àti ayùn lọ. Ẹ̀ka tó bá sún mọ́ ilé, kí wọ́n gé e sẹ́yìn tó mítà méjì, nítorí eku mọ fífò. Okùn aṣọ tí wọ́n so láti ara igi mọ́ ara ilé, kí wọ́n tú u. Imọ̀ tó gbẹ sára ọ̀pẹ tàbí àgbọn, kí wọ́n gé e kúrò. Èso tó bọ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀.

Ó wá kan páànù. Wọ́n á gé páànù pẹrẹsẹ tó fẹ̀ tó ìdajì mítà, wọ́n á yí i po ìdí igi ní gíga tó mítà kan sílẹ̀. Eku á gùn dé ibẹ̀, èékánná rẹ̀ á yọ̀, á padà sílẹ̀. Kí wọ́n má fi ìṣó kàn án mọ́ igi o. Wáyà ni kí wọ́n fi so ó, kí wọ́n sì máa tú u bí igi ṣe ń sanra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ páànù á fún igi lọ́rùn. Bí ẹ̀ka igi náà bá sì kan ti aládùúgbò, asán ni páànù, àfi kí onílé méjèèjì jọ sọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní Kwara. Páànù bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà ní ẹsẹ̀ àká àgbàdo ìgbàlódé, irú èyí tí Nigerian Stored Products Research Institute ń polówó fún àwọn àgbẹ̀. Láti 1948 ni iṣẹ́ ìwádìí àjọ náà lórí ìpamọ́ irè oko ti bẹ̀rẹ̀, Ìlọrin sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, kò jìnnà sí Ọ̀fà rárá.

Igi tán, ó ku ilé. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá ni wọ́n fi pa òwe náà, àmọ́ eku ló kàn jù. Ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 20 tó eku gbà wọlé. Mìlímítà 6 tó fún èlírí. Páànù onílà kì í tẹ́ lé orí ògiri dáadáa, abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni àlàfo. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè dí i, torí eyín eku kì í ṣíwọ́ dídàgbà, kò sì lè ṣe kó má gé nǹkan jẹ, títí kan rọ́bà ara wáyà iná. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ ni kí kápẹ́ńtà kàn síbẹ̀. Ibi tí páìpù gbà wọlé, kí wọ́n ki kàn-ìn-kàn-ìn onírin bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì lé e.

Oró ńkọ́? Eku tó jẹ ẹ́ sábà máa ń kú sínú àjà, òórùn rẹ̀ á sì lé onílé jáde. Adìyẹ tàbí ajá tó bá jẹ òkú rẹ̀ lè bá a lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń po Sniper mọ́ ẹja, bẹ́ẹ̀ oògùn kòkòrò ni. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà gbangba. Ológbò dára, ọmọ eku àti èlírí ló sì mọ̀ ọ́n pa jù. Ọdẹ gidi ni òwìwí, ẹyẹ tí a ń sọ lókò torí pé a ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Ní Malaysia, àwọn olóko ọ̀pẹ ń kan àpótí sórí òpó fún un láti máa gbé, kí ó lè máa bá wọn pa eku.

Eku tó léwu jù nínú gbogbo wọn kì í sábà bá orí igi wọlé. Mastomys natalensis ni, eku ilẹ̀ Áfíríkà gan-an, inú oko ló ti ń wá, ìdí ilẹ̀kùn ló ń gbà. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ibà Lassa wà, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì kan ṣàìsàn ní ìlú Lassa ní Borno. Ní 2018, èèyàn 633 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó mú ní Nàìjíríà, 171 nínú wọn sì kú. Kwara kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì 2017, aboyún kan láti agbègbè Baruten tí ibà náà mú kú sí ilé ìwòsàn kan ní ẹkùn Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Benin. 

Láti yẹra fún àrùn yìí, iṣu àti ànàmọ́ tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì láti fi ṣe èlùbọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí wọ́n kó o wọlé sínú ohun tó ní ọmọrí. Ìgbẹ́ eku tí wọ́n bá bá nílé, kí wọ́n má gbá a ní gbígbẹ. Omi àti Hypo ni kí wọ́n dà sí i ná. Ẹni tí ibà bá mú, tí eku sì ń yọ ọ́ lẹ́nu nílé, kí ó tètè sọ fún dókítà, torí oògùn Lassa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kíákíá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà yìí ń gbilẹ̀ jù, nígbà tí wọ́n ti sun igbó tí oúnjẹ sì ti tán lóko. Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ gbé àkàbà, ẹ gun òkè lọ wo abẹ́ páànù yín.