Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnì Ńlá, Ẹ Wo Pùròpẹ́là Yín Ná

Ìbéèrè tá a fẹ́ dáhùn lónìí ni pé: irú ẹ́ńjìnì wo ló yẹ kéèyàn ní tó bá fẹ́ máa fi ọkọ̀ ojú omi fa ẹni tó wà lórí ski? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi kan ni màá fi dáhùn, torí díẹ̀ ló kù kí wọ́n ná owó ńlá síbi tí kò yẹ.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Lọ́dún 1922, ọ̀dọ́kùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ralph Samuelson, so pákó pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀, ó di okùn mú, ọkọ̀ sì fà á lórí Lake Pepin ní Minnesota. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣì ń ṣe é títí dòní. Ẹni náà á lóṣòó sínú omi, ọkọ̀ á sì fà á dìde. Tó bá ti dìde tán, iṣẹ́ ẹ́ńjìnì á fúyẹ́. Ìdìde yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ra ọkọ̀ fáíbà àlòkù kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17, ẹ́ńjìnì 90 ló sì wà nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a gbé e lọ síbi tí omi ti dákẹ́ lórí ọ̀sà, lápá Ìkòròdú. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀, àbúrò wa kan tó sanra díẹ̀ sì wà lẹ́yìn lórí ski. Ẹ́ńjìnì ń ké, imú ọkọ̀ yọ sókè, ìdí rẹ̀ rì, ọkọ̀ ò sì sáré. Àbúrò wa mu omi ọ̀sà yó kó tó ju okùn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la dán an wò, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló rì. Ẹ̀gbọ́n mi bínú, wọ́n ní, “Ẹ́ńjìnì yìí ò lágbára. 150 ni mo máa rà.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wo aago ná.”

Aago tí mò ń sọ ni èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ìwé ẹ́ńjìnì yẹn sọ pé tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 5,000 sí 6,000. Àmọ́ pẹ̀lú ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, tiwa ò kọjá 4,600, kódà nígbà tá ò fa ẹnikẹ́ni. Ẹ́ńjìnì tí kò bá lè dé ibi tí agbára rẹ̀ wà ò lè lo agbára náà. Tó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, á máa gbóná, kò sì ní pẹ́ bà jẹ́.

Kí ló dì í mú? A yí pùròpẹ́là rẹ̀ wò, a rí i pé wọ́n kọ 19 sí i lára. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní pitch. Ó túmọ̀ sí pé tí pùròpẹ́là bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi le bíi pákó ni, ọkọ̀ ì bá lọ síwájú ní ínǹṣì 19. Pitch ńlá dà bíi jíà kẹrin: ó dáa fún eré, àmọ́ ta ló ń fi jíà kẹrin gbéra nínú dáńfó tó kún fún èrò? Ẹni tó ní ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ fẹ́ràn eré ni, òun nìkan ló sì máa ń wà nínú rẹ̀.

Òfin tó rọrùn láti rántí ni pé tẹ́ ẹ bá dín pitch kù ní ínǹṣì kan, ẹ́ńjìnì á fi nǹkan bí ìyípo 150 sí 200 yára sí i. A yá pùròpẹ́là 15 lọ́wọ́ mẹkáníìkì wa. Aago wá gun 5,400. Lọ́jọ́ náà gan-an, àbúrò wa dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ṣé eré wá dín kù? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lára ẹ́ńjìnì yẹn, ìyípo méjì ẹ́ńjìnì ló ń di ìyípo kan pùròpẹ́là. Nítorí náà, 5,400 di 2,700. Ínǹṣì 15 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 38. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 62 ní wákàtí kan. Àmọ́ omi máa ń yọ̀, torí náà ẹ yọ nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku 52. Àgbàlagbà tó wà lórí pákó méjì ò nílò ju 30 sí 40 lọ; 20 sí 25 tó fún ọmọdé. Eré tá a pàdánù, a ò nílò rẹ̀.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Tẹ́ ẹ bá ti dín pitch kù, ẹ dán an wò pẹ̀lú ọkọ̀ tó fúyẹ́ náà, kí ẹ́ńjìnì má bàa kọjá ibi tí ìwé rẹ̀ dé. Tiwa dé 5,800, ó ṣì wà láàárín ààlà.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó fẹ́ rà tuntun rèé. Fún ọkọ̀ bíi tiwa, 90 sí 115 tó. 40 tàbí 60 lè fa ọmọdé tí ọkọ̀ bá kéré tó sì fúyẹ́. Ẹ wo pátákó kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀: ti ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ẹ́ńjìnì ò gbọ́dọ̀ ju 115 lọ. Ká ní wọ́n ra 150 yẹn ni, ìdí ọkọ̀ lè ya. Pùròpẹ́là oníewé mẹ́rin máa ń di omi mú dáadáa nígbà ìgbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dín eré kù díẹ̀. Ti álúmíníọ̀mù ò wọ́n, ti stainless steel le jù ú lọ, àmọ́ tó bá kọ lu igi abẹ́ omi, inú jíà lè gbà á.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe so ẹ́ńjìnì mọ́ ọkọ̀. Tó bá ga jù, pùròpẹ́là á máa fa atẹ́gùn, ariwo lásán lẹ máa gbọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ tẹ ẹ́ńjìnì wọlé dáadáa, kí imú ọkọ̀ má bàa yọ sókè jù. Ẹ sì yọ koríko àti náílọ́ọ̀nù tó bá wé mọ́ ọn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀mí. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò jù kó máa wo ẹni tó wà lẹ́yìn. Kí awakọ̀ so okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnì mọ́ ara rẹ̀. Kí ẹni tó wà lórí ski wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó. Tó bá sì ti ń sún mọ́ ọkọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì pátápátá, ẹ má ṣe yọ jíà lásán. Pùròpẹ́là ò mọ ọmọ ìyá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra pùròpẹ́là 15 tiwọn báyìí. Owó ẹ́ńjìnì ṣì wà ní báńkì. Tẹ́yin náà bá ní irú ìṣòro yìí, ẹ ka aago yín pẹ̀lú ẹrù tẹ́ ẹ máa ń gbé, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àpò. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.