Ẹ́ńjìnnì Ọ̀kadà: Èwo Ló Yẹ Ká Rà?

Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ni ọ̀kadà tó ń gbé èrò ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti lò. Nínú ti àtijọ́, irú Suzuki AX100, iná ń ràn nígbàkígbà tí pístìnnì bá lọ sókè. Ọ́ìlì ń jóná pọ̀ mọ́ bẹtiróòlù, ìdí nìyẹn tí èéfín fi ń tú lẹ́yìn rẹ̀. Ó fúyẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó ń mu epo gan-an. Ti Bajaj Boxer láti Íńdíà, ẹ̀ẹ̀mejì ni pístìnnì ń lọ sókè kí iná tó ràn lẹ́ẹ̀kan. Ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀. Bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀kadà jẹun, irú Boxer ni kó rà, torí kì í mu epo tó ti àtijọ́, owó epo ló sì ń jẹ èrè jù.